Bọ́ọ̀sì 149, láti ilé Bernie Grant ní Tottenham dé ìdí àpótí ìwé ẹ̀ ní Bishopsgate

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ eléyìí, iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí n ráyè, àmọ́ ọ́ọ̀fù ni mo wà lónìí, ọmọ ti lọ sílé ìwé, ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ọ́ kí fóònù tó tún dún. Ibi méjì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ọ̀kan ni Bernie Grant Arts Centre ní Tottenham níbí, èkejì ni yàrá ìwé Bishopsgate Institute tó wà nítòsí Liverpool Street ní àárín London, torí ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ìwé tí Bernie Grant, aṣòfin Tottenham tẹ́lẹ̀ tó ti kú, fi sílẹ̀ sáyé lọ. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń gba iwájú àdúgbò méjèèjì, 149. Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún wọn, ẹ sì mọ̀ mí, mi kì í déédéé fún èèyàn ní márùn-ún.

Ọdún 14 rèé tí mo ti ń gbé Tottenham. Iṣẹ́ kẹ́à ni mò ń ṣe, àwọn àgbàlagbà ni mò ń lọ wẹ̀ fún tí mò ń gbọ́ oúnjẹ fún nílé wọn, ojoojúmọ́ ni mò ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé yẹn kọjá, mo sì ń rí orúkọ tó wà lára ẹ̀. Ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé olówó kan ló kọ́ ọ tó ní kí wọ́n fi orúkọ òun sí i. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, èmi náà ò sì béèrè. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo wá mọ̀.

Màmá ará Jàmáíkà kan tí mo máa ń lọ bá láàárọ̀ ló là mí lójú. Màmá yìí ti lé ní ọgọ́rin ọdún, fọ́tò kan wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n wọn, ọkùnrin dúdú kan báyìí, mo sì ti ń fi aṣọ nu gíláàsì ẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta, mo rò pé ọkọ wọn tó ti kú ni. Lọ́jọ́ kan mo wá sọ pé màmá, bàbá yìí rẹwà o. Wọ́n ní bàbá wo, Bernie nìyẹn! Wọ́n ní ṣé n ò mọ Bernie ni, èmi tí mò ń gbé Tottenham. Ni wọ́n bá ní kí n jókòó, tíì mi tutù síbẹ̀, wọ́n sọ bí ìjọba ṣe fẹ́ dá ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn padà sílé láyé ìgbà yẹn, bí wọ́n ṣe lọ tò síwájú ọ́fíìsì aṣòfin lọ́jọ́ tó máa ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ará àdúgbò, bó ṣe kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, tí lẹ́tà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, tí wọ́n bá dá ọ̀kan padà á tún kọ òmíràn. Ọmọ yẹn ò lọ mọ́, ó ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin ní Edmonton. Màmá ń sọ ọ́, omi ń jáde lójú wọn. Mo délé, mo sọ fún ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 15 ni, mo ní ó yá o, a máa mọ bàbá yìí.

Arts Centre la kọ́kọ́ lọ. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Seven Sisters lórí Victoria line, ẹ ò ní rìn jìnnà, Tottenham Green ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Town Hall àtijọ́. Ọdún 2007 ni wọ́n ṣí i, ọdún méje lẹ́yìn tí Bernie kú. David Adjaye ló ya àwòrán ilé náà, àwọn òbí ẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà, òun kan náà ló wà nínú àwọn tó ya àwòrán mùsíọ́mù ńlá àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà ní Washington. Gbọ̀ngàn eré ibẹ̀ ò tóbi, àga 274, ohun tí mo sì fẹ́ràn jù nípa ẹ̀ nìyẹn, torí ibi yòówù kẹ́ ẹ jókòó sí, ẹ máa rí òógùn lójú ẹni tó ń ṣeré. Mo ti lọ àwọn gbọ̀ngàn ńlá ní àárín ìlú tí mo san owó gọbọi, tí mo jókòó sí òkè téńté bí ẹyẹ, tó jẹ́ pé orí èèyàn nìkan ni mò ń rí. Eléyìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà kí wa bí ẹni pé ó mọ̀ wá tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń tan iná, àwọn tó ń gbé nǹkan lórí ìtàgé, ọ̀pọ̀ wọn ló jọ ọmọ mi, ọmọ náà rí i, ó rọra sọ ọ́ sí mi létí pé mọ́mì, àwa náà lè ṣe iṣẹ́ yìí. Mi ò mọ iye ìràwọ̀ tó tó ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló wá kàn. Ọmọ mi ní kí òun fi Bernie Grant ṣe iṣẹ́ ilé ìwé òun, ó ní íntánẹ́ẹ̀tì ń sọ ohun kan náà ní ibi mẹ́wàá, òun fẹ́ rí ìwé tí ọkùnrin náà fọwọ́ ara ẹ̀ mú. Mo kọ́kọ́ lọ sí ibì kan tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àtijọ́, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n wo èmi àti yunifọ́ọ̀mù iṣẹ́ mi, wọ́n béèrè yunifásítì tí mo ti wá, wọ́n ní kí n lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo? Mo kàn dúpẹ́, mo jáde, inú mi ò dùn jálẹ̀ ọjọ́ náà. Torí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ lọ Bishopsgate, mo ti múra sílẹ̀ fún wàhálà.

Kò sí wàhálà kankan. Mo kọ ímeèlì, mo sọ ohun tá a fẹ́, wọ́n dáhùn, wọ́n fún wa lọ́jọ́. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí káàdì, kò sí lẹ́tà ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé. Látọdún 1895 ni ilé yẹn ti ṣí fún gbogbo aráàlú, ẹ máa rí dígí aláràbarà lókè àjà yàrá ìwé náà, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ẹ̀ wá sórí tábìlì, ọmọ mi gbójú sókè títí ọrùn fi ń dùn ún. Wọ́n ní ká fi bírò sápò, pẹ́ńsùlù nìkan ni wọ́n fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àtijọ́, wọ́n gbé àpótí jáde, wọ́n kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń ṣí ewé kọ̀ọ̀kan kí ìwé má bàa dàrú, wọ́n sọ ọ́ fún un bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ fún àgbà. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí mọ́mì ẹ̀ ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ nípa ọkùnrin yìí, torí ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí nìyẹn.

Ní Georgetown, Guyana, ni wọ́n bí i ní 1944, tíṣà ni bàbá àti ìyá ẹ̀. Ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso wọn, wọ́n bá fi orúkọ àwọn ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì sọ ọmọ: Bernard Alexander Montgomery Grant. Àwa tá a mọ̀ pé orúkọ ń ro ọmọ, ẹ ro ìyẹn wò. 1963 ló dé London. Ó ṣe akọ̀wé ní rélùwéè, ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ní Heriot-Watt ní Edinburgh, ó wá rí i pé wọ́n ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ funfun lọ kọ́ṣẹ́ ní South Africa ìgbà apartheid, wọn ò sì jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú lọ, ló bá fi ilé ìwé náà sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró síbí yìí díẹ̀ kẹ́ ẹ rò ó, ọmọ tíṣà, ọmọ tó kúrò nílé wá kàwé, ó fi ẹ̀kọ́ tiẹ̀ sílẹ̀ torí ohun tí kò tọ́. Èmi tí mo bí ọmọ, mo mọ bí ìyẹn ṣe máa ká àwọn òbí ẹ̀ lára. Lẹ́yìn ìyẹn ó ń dáhùn tẹlifóònù ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń so ìpè ilẹ̀ òkèèrè pọ̀, látibẹ̀ ló ti bọ́ sínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ó di òṣìṣẹ́ àgbà fún NUPE, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbálẹ̀, tó ń se oúnjẹ nílé ìwé, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù. Àwọn bíi tèmi nìyẹn.

1978 ó di káńsẹ́lọ̀ ní Haringey, ìjọba ìbílẹ̀ tí Tottenham wà lábẹ́ ẹ̀, 1985 ó di olórí káńsùlù náà, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa ṣe olórí ìjọba ìbílẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò tíì jókòó dáadáa tí ìṣòro fi dé. Lọ́jọ́ 5 October ọdún yẹn àwọn ọlọ́pàá lọ tú ilé ìyá kan, Cynthia Jarrett, ìyá náà ṣubú lulẹ̀, ó kú. Lọ́jọ́ kejì rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Broadwater Farm, ọgbà ilé káńsùlù kan ní Tottenham, wọ́n sì pa ọlọ́pàá kan, Keith Blakelock, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọkùnrin mẹ́ta. Bernie dúró níta Town Hall, ó ní àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò gbà pé ọlọ́pàá ló jẹ̀bi, pé ìyà gidi ni ọlọ́pàá jẹ lọ́jọ́ náà. Àwọn ìwé ìròyìn gba ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n fi sọ pé òun gan-an ló ń yọ̀, wọ́n pè é ní wèrè, wọ́n pè é ní gbogbo orúkọ tó wà láyé.

Èmi ò ní parọ́, tí mo bá wà níbẹ̀ màá bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ọ́ báyẹn, òkú méjì wà nílẹ̀, ilé méjì ló ń sunkún. Àmọ́ mo jókòó ti àwọn ìwé ìròyìn tí wọ́n gé pamọ́, mo tún wo àwọn lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Inú ìwé ìròyìn, aláriwo ni. Nínú àpótí, akọ̀wé ni. Ọkùnrin tó ń kọ lẹ́tà, tó ń tọ́jú ẹ̀dà, tó ń kọ déètì sí i, tó ń dúró de èsì, tó tún ń kọ òmíràn. Ohun tí màmá ará Jàmáíkà yẹn sọ fún mi gẹ́lẹ́. Mo ti ń rò láti ìgbà tí mo ti dáyé pé àwọn tó ń yí òfin padà ni àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tí èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún. Mo wá rí i pé sùúrù ọ́fíìsì ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, fáìlì lórí fáìlì.

Pẹ̀lú gbogbo èébú yẹn, ọdún méjì péré, June 1987, Tottenham dìbò fún un. Òun, Diane Abbott àti Paul Boateng tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tiẹ̀, àti Keith Vaz tó jẹ́ ará Éṣíà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé lọ́jọ́ kan náà lábẹ́ Labour. Ṣé ẹ mọ ohun tó wọ̀ lọ síbi ayẹyẹ ṣíṣí Pálíámẹ́ǹtì? Aṣọ Áfíríkà! Láàárín àwọn tó wọ kóòtù àti táì, níwájú Ọbabìnrin. Èmi tí mo máa ń ronú kí n tó so ìró lọ sí ìpàdé tíṣà ọmọ mi, látọjọ́ tí mo ti gbọ́ ìyẹn mi ò ronú mọ́.

Nígbà tí Joy Gardner kú ní 1993, lẹ́yìn táwọn ọlọ́pàá tó wá mú un kúrò nílùú fi téèpù dì í lẹ́nu yíká orí níwájú ọmọkùnrin ẹ̀ kékeré, Bernie wà lára àwọn tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú mọ́lẹ̀. Kọ́ọ̀tù dá àwọn ọlọ́pàá náà sílẹ̀. Mi ò lè sọ púpọ̀ lórí ìyẹn, ọkàn mi ò gbà á.

Ibi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo nínú yàrá ìwé ni mo ń bọ̀ yìí. Ọdún 1993 kan náà, April, wọ́n ṣe ìpàdé ńlá kan ní Abuja lórí owó gbà-má-bínú, pé kí àwọn tó kó Áfíríkà lẹ́rú, tó gba ilẹ̀ wa, san ohun tí wọ́n jẹ. Ta ni alága ìgbìmọ̀ tí OAU, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ìgbà yẹn, gbé kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ náà? M.K.O. Abíọ́lá! Bàbá wa, Baṣọ̀run, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí June 12 tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adé Àjàyí, onímọ̀ ìtàn, wà nínú ìgbìmọ̀ náà pẹ̀lú. Nílé, June 12 nìkan la máa ń rántí tá a bá dárúkọ Abíọ́lá, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó ti ń náwó nára sórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Inú oṣù tó tẹ̀ lé e, Bernie gbé ohun tí wọ́n sọ ní Abuja wọ Pálíámẹ́ǹtì London, àwọn aṣòfin Labour bí Jeremy Corbyn bá a fọwọ́ sí i, ó sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níbí, African Reparations Movement, ARM. Ọmọ Guyana ló ń jà, ọmọ Abẹ́òkúta ló ń jà, ìjà kan náà. Ọmọ mi ní mọ́mì ẹ rọra, àwọn èèyàn ń wò wá.

ARM ò dúró sórí ọ̀rọ̀ ẹnu, Bernie wá ohun kan pàtó tí ọwọ́ lè tẹ̀. Ẹ mọ̀ pé 1897 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì jó Bìní, tí wọ́n kó ère idẹ àti eyín erin ààfin lọ. Ọgọ́rùn-ún ọdún ẹ̀ ti ń sún mọ́, December 1996, Bernie kọ̀wé lórúkọ Ọba Bìní sí àwọn mùsíọ́mù Glasgow pé kí wọ́n dá tiwọn padà. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àwọn ò dá a padà. Èèyàn tí kò ní sùúrù á sọ pé ó parí. Bernie kú ní April 2000, ọkàn ló mú un lọ, ọmọ ọdún 56 péré, wọ́n gbé òkú ẹ̀ gba ìgboro Tottenham kọjá, wọ́n ṣe ìsìn ẹ̀ ní Alexandra Palace, David Lammy tí àwọn òbí tiẹ̀ náà wá láti Guyana gba ipò ẹ̀. Glasgow ò sì tíì dá nǹkan kan padà fún Bìní.

2022, Glasgow fọwọ́ sí i pé wọ́n máa dá ohun 19 padà fún Nàìjíríà.

Ọdún 25 ó lé lẹ́yìn lẹ́tà. Ọmọ mi fi pẹ́ńsùlù ṣe ìṣirò ẹ̀ sí etí ìwé ẹ̀, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ó ní mọ́mì, ṣé ó mọ̀ pé wọ́n máa dáhùn ni tó fi tọ́jú ẹ̀dà? Mi ò lè dá a lóhùn. Mo kàn ń wo ojú ìwé.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ: ẹ kọ̀wé sí Bishopsgate kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rí, kẹ́ ẹ má kàn já wọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀ yẹn, torí wọ́n ní láti lọ gbé e jáde. Ẹ mú pẹ́ńsùlù dání àti súwẹ́tà. Ẹ jẹun yó kẹ́ ẹ tó wọlé, èèyàn kì í mọ̀gbà tí wákàtí mẹ́ta ń lọ, àwa ò ráyè jẹun ọ̀sán, búrẹ́dì àti ẹyin la ra ní Liverpool Street nígbà tá a ń padà. Tó bá jẹ́ Arts Centre ni, ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe lóṣù náà lórí wẹ́ẹ̀bù wọn, ẹ sì mú àwọn ọmọ dání. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Edmonton, Tottenham, Stamford Hill, Dalston, ẹ ò ní àwáwí, bọ́ọ̀sì kan ni.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún màmá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń fi ìpara ra ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní ṣé mo rí lẹ́tà ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn. Mo ní rárá o màmá, àpótí pọ̀. Wọ́n ní kí n padà lọ wá a. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fún wa, ọmọ mi ti gbẹ́ pẹ́ńsùlù méjì sílẹ̀.